Ẹni Tó Yọ Ìlà Káfíńtà

Òtítọ́ tí ènìyàn bá gbé mì kì í dà nínú ikùn, ńṣe ló máa ń wú. Ti ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó Ìwé ti wú dé ọ̀nà ọ̀fun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àfi kó jáde, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú omijé, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ló jókòó yí tábìlì gígùn ká nínú yàrá àwọn ọmọdé, lórí àwọn àga kéékèèké tó jẹ́ pé bí àgbàlagbà bá jókòó lé wọn, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Tíì ń rú èéfín nínú ife, bisikíìtì wà nínú àwo. Wọ́n fẹ́ dágbére fún Bàbá Ẹ̀rọ, àgbà òṣìṣẹ́ tó ti ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé náà láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣì tóbi tó àpótí aṣọ. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ohun tó kọ síbẹ̀ kò gùn: ó ní ọpọlọ òun kò jí pépé mọ́, pé kí òun tó ba nǹkan ńlá jẹ́, ó sàn kí òun lọ jókòó sílé. Ọ̀gá ilé ìkàwé, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ti yìn ín tán, ó ti fún un ní bírò. Ó ku kó fọwọ́ sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì fọwọ́ sí i."

Ìyàwó Ìwé ló sọ̀rọ̀. Ó dìde lójijì débi pé àga kékeré náà bá a dìde, ó há mọ́ ọn nídìí, ó sì ní láti fi ọwọ́ méjèèjì já a kúrò kó tó lè dúró bí ènìyàn. "Bàbá kò ṣe àṣìṣe kankan," ó ní. "Ọjọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ ilé ìkàwé lọ bá ẹni tí kò ni ín, tí àwọn ènìyàn wá fi ariwo kún ibí yìí, èmi ni mo fà á. Mo fà á nítorí ọkùnrin."

Àǹtí Káńtà, tó máa ń jókòó nídìí káńtà iwájú, fa àwo bisikíìtì sún mọ́ra. "Ọkùnrin wo?" ó béèrè. "Má já wa sílẹ̀ lójú ọ̀nà o."

Ìyàwó Ìwé fi ìka tọ́ka sókè. Lórí àkàbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni káfíńtà tó ń kan pẹpẹ tuntun mọ́ ògiri dúró sí pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu. Gbogbo ojú yí sí i. Ó yọ ìṣó náà lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sápò.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá Ìyàwó Ìwé lẹ́jọ́, ẹ ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ kí a mọ irú ẹni tó jẹ́ ná. Ìwé ìfẹ́ ló tọ́ ọ dàgbà. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ yẹn, tí ọmọbìnrin máa ń wo ojú fèrèsé lára èèpo wọn, tí ọkùnrin kan á dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan: kò sí èyí tí kò tíì kà. Ó máa ń kà wọ́n lábẹ́ káńtà, á máa sunkún, á máa fi etí ìborí nu imú. Bí ẹnìkan bá béèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún, á ní, "Wọ́n ti fẹ́ra wọn." Ibi tí orúkọ náà ti wá nìyẹn. Ohun tí ìwé kọ́ ọ ni pé àkọsẹ̀bá ni ìfẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀: ènìyàn méjì á ṣèèṣì pàdé, wọ́n á tún ṣèèṣì pàdé, nígbà tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkàn ti gbà. Ohun tí ìwé kò kọ́ ọ ni ohun tí ènìyàn ń ṣe bí àkọsẹ̀bá bá kọ̀ tí kò ṣẹlẹ̀.

Bàbá Ẹ̀rọ ló kọ́ ọ níṣẹ́ tó fi hùwà náà. Nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí fáànù ti máa ń ké bí ẹyẹ tó ń dá nìkan sùn, bàbá fi ìdí bírò tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà. Kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí bọ́tìnnì aláwọ̀ mèremère, ọ̀rọ̀ funfun lórí dúdú lásán ni, ìlà tẹ̀ lé ìlà. "Ọmọ mi," ó ní, "ìlà kan, ilé kan. Igi tóóró tó dúró yìí, ògiri ni. Ohun tó bá wà láàárín ògiri, yàrá ni. Yàrá kìíní, orúkọ ẹni tó yá ìwé. Yàrá kejì, orúkọ ìwé. Yàrá kẹta, ọjọ́ tó yẹ kó dá a padà. Yàrá kẹrin, nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bí o bá fẹ́ nọ́ńbà gbogbo ènìyàn, ṣé o máa máa kan ilẹ̀kùn ilé kọ̀ọ̀kan ni?"

"Rárá, sà."

"O ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ èyí." Ó sì tẹ̀ ẹ́ láìwo ọwọ́:

cut -d'|' -f4 ayawe.txt

"Cut ni pé kó gé e. D ni ògiri tó máa fi mọ ààlà. F ni yàrá tí o fẹ́. Èyí tó kẹ́yìn ni orúkọ fáìlì." Kí Ìyàwó Ìwé tó ṣẹ́jú, gbogbo nọ́ńbà fóònù ti tò wálẹ̀ bí èèrà tó ń lọ sílé, láìsí orúkọ, láìsí ọjọ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fa òwú kan ṣoṣo yọ lára aṣọ, tí aṣọ kò sì tú.

Láràárọ̀, ẹ̀rọ á kó àwọn tí ọjọ́ ìwé wọn ti kọjá sínú fáìlì kan, wọ́n á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dá ìwé padà. Ọ̀gá ní òfin kan: ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ inú àtẹ̀jíṣẹ́ kò gbọdọ̀ rí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bàbá máa ń gé fáìlì náà sí méjì. Orúkọ, ìwé àti ọjọ́ á lọ sínú ọ̀kan. Òun ni wọ́n ń sọ di ọ̀rọ̀, òun ni Ọ̀gá ń yẹ̀ wò. Nọ́ńbà nìkan á wà nínú èkejì. Bí Ọ̀gá bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ paste, òun ló ń tò wọ́n padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà kìíní mọ́ ìlà kìíní, ìlà kejì mọ́ ìlà kejì. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o," bàbá ní, ó sì fa etí ara rẹ̀ bíi pé tirẹ̀ ni etí ẹni tó ń kọ́. "Paste kò mọ orúkọ. Kò mọ fóònù. Ipò ló mọ̀. Bí ẹnìkan bá dìde kúrò nínú fáìlì kan, tí kò dìde nínú èkejì, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún sókè, oníkálukú á lọ jókòó sórí àga ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí a tó rán an, a máa ń ka ìlà fáìlì méjèèjì. Bí iye wọn kò bá dọ́gba, a ò rán an."

"A ò rán an, sà."

Ẹ wo bí ẹnu ṣe máa ń yá láti gba ẹ̀kọ́.

Káfíńtà wá wọlé ní ọ̀sán kan láti yá ìwé tó sọ bí a ṣe ń so igi pọ̀ láìlo ìṣó. Lẹ́búlẹ́bú pákó wà nínú irun rẹ̀. Ó ní "Ẹ ṣeun," ó gba ìwé, ó lọ, ṣùgbọ́n òórùn pákó tuntun kò tẹ̀ lé e, ó dúró sórí káńtà títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de àkọsẹ̀bá. Ó gba ọ̀nà tí kì í gbà lọ sílé. Ó dúró níwájú ilé ìtajà pákó, ó ń wo pákó bí ẹni tó fẹ́ rà á. Àkọsẹ̀bá kò wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó wá ilé káfíńtà nínú fáìlì, ó rí i, ó wọ yàrá kẹta, ó sì fa ọjọ́ ìdápadà rẹ̀ sẹ́yìn.

"Mo rò ó pé kékeré ni," ó sọ fún àwọn tó jókòó yí tábìlì náà ká. "Mo ní, ta ni mo pa? Ọjọ́ lásán ni mo sún. Bí olè ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, á ní òun kàn fẹ́ wo bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí."

Àtẹ̀jíṣẹ́ lọ. Káfíńtà dé pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rò pé ọjọ́ ṣì kù."

"Ẹ̀rọ ló ní ó ti pé."

"Bí ẹ̀rọ bá ti ní ó pé, ó pé náà nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ó yá òmíràn. Ẹ̀rọ tún ní ọjọ́ ti pé. Ó tún wá. Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa igi, nípa òjò, nípa ìdí tí àga kan fi máa ń mì. Àǹtí Káńtà tilẹ̀ máa ń sọ pé, "Ẹni yìí ò mọ kàlẹ́ńdà kà ni?" Ìyàwó Ìwé á tẹ orí ba.

"Àbí ìwọ kọ́ lo máa ń sọ pé o ò lè purọ́," Àǹtí Káńtà dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu níbi tíì, "pé etí rẹ máa ń gbóná?"

"Ó gbóná, Àǹtí. Ìdí tí mo fi ń de ìborí bo etí láti ìgbà yẹn nìyẹn."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Ẹ̀rọ kò rẹ́rìn-ín. Ó di bírò mú, ó ń gbọ́.

Ní ọjọ́ kan, káfíńtà fi ìgbọ̀nwọ́ ti káńtà, ó ní, "Ẹ̀rọ yín yìí kò láàánú o. Bí ó bá tún pè mí kí ọjọ́ tó pé, èmi fúnra mi ni mo máa lọ bá Ọ̀gá yín, kí wọ́n wá tún un ṣe." Lóòótọ́, Ìyàwó Ìwé ti tún ọjọ́ rẹ̀ sún ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí àtẹ̀jíṣẹ́ ti lọ. Nígbà tó fi máa dé yàrá ẹ̀yìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Ẹ̀rọ ti gé fáìlì sí méjì, ó ti jáde, ilé káfíńtà sì wà níbẹ̀, ó ń wò ó bí ẹlẹ́rìí. Ó ṣí fáìlì ọ̀rọ̀, ó pa ìlà náà rẹ́. Ó fẹ́ ṣí fáìlì nọ́ńbà ni ohùn Ọ̀gá bá dé láti iwájú pé kó wá gba àpótí ìwé tuntun lọ́wọ́ awakọ̀. Bó ti ń sáré jáde, ó pàdé Bàbá Ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o ti kà á?" bàbá béèrè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú jù lọ nìyí. Kì í ṣe ọjọ́ tó sún, kì í ṣe ìlà tó pa rẹ́. Bó bá ní òun kò tíì kà á, bàbá á kà á, á rí i pé kò dọ́gba, á tún un gé, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún á sì kú sínú yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n ó wo ojú àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́, ó ní, "Mo ti kà á, sà. Wọ́n dọ́gba."

"Ọmọ dáadáa," bàbá ní. Ó jókòó, ó rán an.

Kí agogo ọ̀sán tó lù, ilé ìkàwé ti di ọjà. Gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn káfíńtà ti sún sókè. Àtẹ̀jíṣẹ́ tíṣà ìṣirò, obìnrin tí àwọn ọmọ máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá gbọ́ bàtà rẹ̀, lọ sórí fóònù káfíńtà: wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ìwé Lẹ́tà Ìfẹ́ fún Ẹni Tó Ń Tijú padà. Tíṣà gba ti dókítà eyín: kó jọ̀ọ́, kó dá Bí A Ṣe Ń Borí Ìbẹ̀rù Dókítà Eyín padà. Inú àga dókítà yìí gan-an ni tíṣà fẹ́ lọ jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó wọ ilé ìkàwé wá pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ṣé ẹni tó fẹ́ yọ eyín mi ló ń bẹ̀rù báyìí?" ó ní. "Ta ló máa di ọwọ́ ẹnì kejì mú nínú àwa méjèèjì?" Dókítà gba ti oníbúrẹ́dì, tó yá ìwé oúnjẹ tí kò ní ìyẹ̀fun nínú. Orúkọ bàbá kan náà ni oníbúrẹ́dì àti ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́, ìlà wọn sì tẹ̀ lé ara wọn. Nítorí náà, ti ìyàwó lọ bá ọkọ. Oníbúrẹ́dì wà nídìí ààrò nígbà tó kà á pé aya òun ti di Bí Ènìyàn Ṣe Ń Dá Gbé mú kọjá ọjọ́. Búrẹ́dì jóná ní àdúgbò náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ opó ni obìnrin náà yá ìwé fún, ṣùgbọ́n kó tó rí àyè sọ ọ́, ọkọ ti ní, "Máa lọ, máa lọ dá gbé," òun náà sì ti di ẹrù lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n náà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni oníbúrẹ́dì fi ń gbé búrẹ́dì lọ bẹ̀ ẹ́ kó tó padà wálé.

Ọ̀gá pe gbogbo wọn sí yàrá ẹ̀yìn. Bàbá Ẹ̀rọ ka fáìlì méjèèjì lójú wọn. Fáìlì ọ̀rọ̀ fi ìlà kan dín. Ìyàwó Ìwé ti la ẹnu, ṣùgbọ́n bàbá ṣáájú rẹ̀. "Èmi ni," ó ní. "Mo ṣí fáìlì ọ̀rọ̀ lówùúrọ̀ láti tún ìkíni ṣe. Ọmọ yìí kà wọ́n, wọ́n dọ́gba, ó sọ fún mi. Á jẹ́ pé lẹ́yìn tó kà á ni ọwọ́ mi pa ìlà kan rẹ́." "Mi ò tiẹ̀ rántí."

Ìgbàgbọ́ tó ní nínú ọmọ náà pọ̀ débi pé ó yá a lára láti ṣiyèméjì sí orí ara rẹ̀ ju kó ṣiyèméjì sí i lọ. Ọmọ náà sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá Ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ wo ilẹ̀kùn tó ti tì. Ó ń ka ìlà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń béèrè bóyá òun ti mu tíì. Lákòókò yìí kan náà, ayé ń dùn mọ́ Ìyàwó Ìwé, ẹ ò rí nǹkan. Káfíńtà mú fóònù rẹ̀ wá fi Lẹ́tà Ìfẹ́ fún Ẹni Tó Ń Tijú hàn án, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ó sìn ín dé ọ̀nà ilé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ pe ara wọn, "ẹ" di "o". Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé ìkàwé gbé iṣẹ́ pẹpẹ tuntun fún un, wọ́n sì ń rí ara wọn lójoojúmọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni sún ọjọ́. Ó máa ń lọ sùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Àárọ̀ nìkan ni ẹ̀rín náà kì í bá a dé ibi iṣẹ́.

Ohun tó wá ṣẹ́gun rẹ̀ kò tóbi. Ní ọjọ́ mélòó kan sí ọjọ́ tíì, bàbá jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ cut, ó tẹ ògiri, ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ tí kò mọ̀ bóyá kó wọlé. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi wò ó. Ṣé yàrá kẹrin ni fóònù wà?"

Ẹni tó kọ́ ilé náà ló ń béèrè ibi tí yàrá wà.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tíì, káfíńtà béèrè bóyá ó máa fẹ́ òun. Ìyàwó Ìwé ní kó fún òun di ọ̀la. Ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ nígbà tó wọlé. "Kí ló dé?" ìyá ní. "Ọmọkùnrin tí o fi ń dà mí láàmú, ó béèrè tán, o ní kó di ọ̀la? Ṣé ọjọ́ rẹ̀ ni ò tíì pé?" Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí ló tú u. Ó jókòó sílẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín títí dé orí ọjọ́ tó sún, ó rẹ́rìn-ín dé orí dókítà eyín, ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ kó lè nu ojú. Nígbà tó gbọ́ ti Bàbá Ẹ̀rọ, ẹ̀rín náà tán.

"Màámi, mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀ láàárọ̀."

"Gbangba kọ́ lo ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́?" ìyá ní. "Ohun tó bàjẹ́ ní gbangba, bí o bá lọ bẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, àbọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni. Ara tìrẹ nìkan lo fẹ́ fi ìyẹn tù. Lọ sùn."

Ìdí nìyí tó fi dúró níwájú àwọn àga ọmọdé yẹn tó ń sọ ọ́. Nígbà tó parí, tíì ti tutù. Kò sẹ́ni tó mu ún.

"Tún èyí tó kẹ́yìn sọ," Bàbá Ẹ̀rọ ní.

"Ẹ béèrè bóyá mo ti kà á. Mi ò kà á, sà. Mo purọ́ fún yín. Èmi ni mo pa ìlà yẹn rẹ́, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ kò gbàgbé nǹkan kan, torí ẹ kò ṣe nǹkan kan." Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ kò bá sì lè dárí jì mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí ìwé yẹn."

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọ̀gá na ọwọ́ sí i, ó rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. "Mo lọ bá dókítà," ó ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Ó ní kí n máa dárúkọ ẹranko tí mo bá mọ̀. Mo dárúkọ, mo dárúkọ, títí ó fi ní, 'Bàbá, ó ti tó.' Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe mí. Mo sọ fún ìyàwó mi pé dókítà náà kò mọ iṣẹ́." Ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ọmọbìnrin náà lórí ìkúnlẹ̀. "Ohun tí o ṣe kò dára. Ṣé o gbọ́? Mo ti ń bẹ̀rù ara mi. Mo máa ń jí lóru, màá máa dárúkọ àwọn ọmọ mi fún ara mi."

"Mo gbọ́, sà."

"Inú mi ò dùn sí ọ. Ó máa tó ọjọ́ mélòó kan kó tó dùn." Ó mú ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì gbé ife tíì rẹ̀ lé e lórí. "Ṣùgbọ́n dìde. Àgbà kan kì í fi ìbínú pa ọmọ tó dá orí rẹ̀ padà fún un."

Ìgbà yìí ni káfíńtà sọ̀ kalẹ̀ látorí àkàbà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi náà ní ọ̀rọ̀," ó ní. "Ẹ máa ń tẹ ọjọ́ ìdápadà sí ẹ̀yìn ìwé. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ dé, mo wo ẹ̀yìn ìwé mi. Ọjọ́ ò tíì pé. Mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn pé ẹnìkan ló ń pè mí, pé kì í ṣe ẹ̀rọ."

Ìyàwó Ìwé yí ojú sí i. "O mọ̀?"

"Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá pẹ́ kó tó dé, inú mi kì í dùn. Ọjọ́ tí mo ní mo máa lọ bá Ọ̀gá, mo kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ni. Mo rò pé o máa rẹ́rìn-ín, o máa jẹ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé o máa sá lọ pa mí rẹ́." Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ẹ̀rọ lórí lẹ́búlẹ́bú pákó ara rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Àwàdà mi ló lé e dé ibẹ̀."

"Ẹ̀yin méjèèjì yẹ ara yín," Àǹtí Káńtà ní. "Ọ̀kan ń purọ́, èkejì ń gbádùn irọ́." Bisikíìtì ti tán níwájú rẹ̀.

Ọ̀gá ní láti òní, Ìyàwó Ìwé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́. Bàbá Ẹ̀rọ mi orí pé rárá. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó ti já sí kòtò ló mọ ibi tí kòtò wà. Ṣùgbọ́n yóò máa kà á lójú mi, yóò máa kà á sókè, bí ọmọ ilé ìwé. Yóò sì lọ bá gbogbo àwọn tí àga wọn sún, ní ilé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sọ ohun tó sọ níbí." Ọ̀gá gbà. Bàbá wá dìde, ó gba ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ó jókòó. Kò wo ọwọ́, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Cut, ògiri, yàrá kẹrin. Nọ́ńbà tò wálẹ̀ bí èèrà tó ń lọ sílé.

"Yàrá kẹrin," ó sọ fún ara rẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Bí wọ́n ti ń tú ká, káfíńtà rọra béèrè pé, "Ọ̀la tí o ní kó di, ṣé kì í ṣe òní?"

"Òní ni," Ìyàwó Ìwé ní. "Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà."

"Sọ ọ́ sókè," Àǹtí Káńtà ké láti ẹnu ọ̀nà. "Kò sí ohun tí o ò ní máa kà sókè mọ́ nínú ilé yìí."

Ìyàwó Ìwé lọ kiri ilé gbogbo àwọn tí àga wọn sún. Dókítà eyín gba ẹ̀bẹ̀, ó ní láti ìgbà tí àwọn aláìsàn ti mọ̀ pé òun náà ń bẹ̀rù ni wọ́n ti ń fọkàn tán òun. Tíṣà ìṣirò béèrè bóyá ìwé lẹ́tà ìfẹ́ ní apá kejì. Ìyàwó oníbúrẹ́dì tì í mọ́ta. Ó padà lọ. Ó tún tì í. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbọ́ ọ tán lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní òun ti gbọ́, òun kò sì tíì rẹ́rìn-ín. Ìyẹn náà, Ìyàwó Ìwé gbà á, torí kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ ló ń yan ọjọ́ tí wọ́n máa dárí jì í.

Òun ló ní kí a kọ ọ́ báyìí, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìfẹ́ lábẹ́ káńtà lè gbọ́. Bí ọkàn yín bá fà sí ẹnìkan, ẹ lọ bá a, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́, kódà bí etí yín bá gbóná. Ẹ má gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ wọ yàrá kẹta. Ìlà ènìyàn kan kì í dá wà. Bí ẹ bá fà á yọ, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa sún, ẹni tó sì fọkàn tán yín jù lọ ló máa jókòó sórí àga yín. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ má jẹ́ kó wú nínú yín.

Ní òwúrọ̀ kan, kó tó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, orúkọ káfíńtà yọ láàárín àwọn tí ọjọ́ ìwé wọn ti kọjá. Ìyàwó Ìwé wo àkọsílẹ̀ ọjọ́ tó yá ìwé. Lóòótọ́ ni, ọjọ́ ti kọjá. Ọkùnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ di ìwé mú ni. Ìyàwó Ìwé na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, ó sì fà á padà. Kò fọwọ́ kan ìlà náà. Ó ka fáìlì ọ̀rọ̀ sókè, ó ka fáìlì nọ́ńbà sókè, Bàbá Ẹ̀rọ ń mi orí tẹ̀ lé e.

"Ṣé wọ́n dọ́gba?" bàbá béèrè.

"Wọ́n dọ́gba, sà."

Bàbá dijú, ó tún wọn kà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Rán an."